Ọta ìbọn nínú àpótí olóògbé: bí ẹ ó ṣe mú un kúrò nílé l'Ékòó láìfarapa, láìwọ gàù

Ogójì ọjọ́ lẹ́yìn tí a sin ẹ̀gbọ́n bàbá mi, a ṣí yàrá rẹ̀ ní Ìta Fàájì láti pín ẹrù rẹ̀. Ṣọ́jà ni bàbá náà nígbà ayé rẹ̀, ó sì ti fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àpótí páànù kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ ṣọ́jà tó ti ṣá ló wà lókè, òórùn káńfọ̀ gba gbogbo yàrá, agolo bísíkíìtì kan sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá tí wọ́n fi okùn dè. Ọmọ àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló kọ́kọ́ gbé e. Ó mì í sétí bí ẹni ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a tú okùn, ọta ìbọn mẹ́tàdínlógún ló wà nínú rẹ̀. Àwọn kan gùn bí ìka àárín, àwọn kan kúrú bí ìka ọmọdé, idẹ ara wọn sì ti hu nǹkan aláwọ̀ ewé.

Ariwo sọ. Màmá wa kan ní kí a dà á sọ́sà. Ẹlòmíràn ní kí a kó o mọ́ àkísà tí a fẹ́ sun. Àbúrò kan tó máa ń wo fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà ní kí a má dà á nù rárá, pé òun ti rí bí wọ́n ṣe ń tún ọta kì nínú ilé, pé idẹ rẹ̀ ṣì wúlò. Èmi tí mò ń kọ èyí fi èékánná ha ìdí ọ̀kan kí n lè ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Kò sí èyí tó dára nínú gbogbo ohun tí a ṣe ní wákàtí àkọ́kọ́ yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo jókòó ti lọ́yà ẹbí wa àti ọlọ́pàá kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ bọ́ǹbù, mo bi wọ́n ní gbogbo ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn, àti ohun tí mo ti kà láti ìgbà náà, ni mo tò sílẹ̀ yìí. Ilé àtijọ́ pọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, ní Múṣin àti Ṣómólú. Àwọn bàbá tó ti ṣe ṣọ́jà, ọlọ́pàá tàbí ọdẹ rí sì wà nínú wọn.

Ohun tó wà nínú ọta kan

Kí n tó sọ ohun tí ẹ ó ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níwájú yín. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní ọta, nǹkan mẹ́rin ló para pọ̀ níbẹ̀. Idẹ tó rí bí ìdérí bírò ni ilé rẹ̀. Òjé ló wà ní ẹnu rẹ̀, tí wọ́n sábà máa ń fi bàbà bò, òun ló ń fò lọ. Ẹ̀tù wà nínú ikùn rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ojú róbótó kékeré tó wà láàárín ìdí rẹ̀, tí kò ju bíi mílímítà 5 lọ ní fífẹ̀. Inú ojú yẹn ni èròjà kan wà tó ń gbiná bí nǹkan bá gbá a. Irin inú ìbọn á gbá ojú náà, á tanná, iná á ran ẹ̀tù, atẹ́gùn gbígbóná tó jáde lára ẹ̀tù á sì ti òjé síta.

Ojú róbótó yẹn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín irin ìbọn, orí ìṣó, òòlù àti etí àpótí tó bọ́ lù ú. Òun ni gbogbo ìmọ̀ràn tó wà nísàlẹ̀ yìí dúró lé.

Nígbà tí ọta bá bú láìsí nínú ìbọn, òjé rẹ̀ kì í fò bí ìgbà tí ìbọn bá yìn ín, nítorí kò sí ọ̀pá ìbọn tó máa darí agbára rẹ̀ sí iwájú. Idẹ ló máa ń ya. Ẹ̀wẹ́wẹ́ idẹ náà ló ń fò káàkiri, ó sì mú bí abẹ. Ìka àti ojú ènìyàn ni wọ́n sábà máa ń bà jẹ́. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọta tí kò sí nínú ìbọn kò lè ṣe nǹkan kan kò sọ òtítọ́.

“Ó ti pẹ́, ó ti kú”

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbọ́ jù lọ́jọ́ yẹn, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù títí di òní. Ọta tó wà níbi tó gbẹ lè lo àádọ́ta ọdún, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó sì ṣì yìn. Àwọn ọmọ wa tó bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ja ogun ní Bọ́mà, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà 81 àti 82, padà wálé lẹ́yìn 1945. Àwọn tó ja ogun abẹ́lé padà wálé lẹ́yìn 1970. Bí ẹnì kan nínú wọn bá gbé ọta bíi mélòó kan pamọ́ ṣe ìrántí, ọjọ́ orí kò sọ ọ́ di nǹkan ìṣeré.

Gbígbó máa ń sọ nǹkan náà di ẹlẹgẹ́ ní ọ̀nà mìíràn pàápàá. Ooru Èkó àti atẹ́gùn oníyọ̀ tó ń fẹ́ láti inú òkun ń jẹ idẹ, nǹkan aláwọ̀ ewé tí ẹ rí lára rẹ̀ sì ni àmì. Idẹ tó ti fẹ́lẹ́ lè ya. Ẹ̀tù tó ti bàjẹ́ lè má jó dáadáa, òjé á wá há sí àárín ọ̀pá ìbọn, èyí tí wọ́n bá sì yìn lẹ́yìn rẹ̀ á fọ́ ìbọn mọ́ ẹni tó mú un lọ́wọ́.

Ẹni tó bá sì ń wí pé ohun ìjà tí a tò síbì kan á jókòó jẹ́jẹ́, kí ó bi àwọn ará Èkó tó gbọ́njú ní 2002. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún náà, iná dé ibi tí wọ́n kó ohun ìjà sí ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà. Bọ́ǹbù ń bú lé ara wọn títí di òru. Wíńdò fọ́ ní àdúgbò tó jìnnà. Àwọn ènìyàn ń sá nínú òkùnkùn láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ, ọ̀pọ̀ ọmọdé àti ìyá ọmọ sì ṣòfò sínú kánààlì Òkè-Afá. Àwọn ìròyìn ìgbà náà ka òkú tó lé ní 1,000. Lẹ́yìn tí iná kú, bọ́ǹbù tí kò bú ṣì fọ́n ká àdúgbò, wọ́n sì ní láti máa ṣà wọ́n. Nítorí náà, ẹni tó bá ń walẹ̀ láti fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ lágbègbè ibẹ̀, tí ṣọ́bìrì rẹ̀ bá kan irin tó rí rọ̀bọ̀tọ̀ gígùn, kí ó dá iṣẹ́ dúró.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ gbé ọwọ́ kúrò

Bí ẹ bá ti rí i, ẹ má gbé e, ẹ má mì í, ẹ má nù ún, ẹ má kà á. Iye rẹ̀ kò ṣe pàtàkì, àwọn ọlọ́pàá á kà á fúnra wọn. Bí ẹ bá ti gbé agolo dání kí ẹ tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ síbi tó tẹ́jú tó sún mọ́ yín jù, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ìdérí bá ti ṣí, kí ó wà ní ṣíṣí. Bó bá ṣì wà ní dídé, ẹ má ṣí i.

Bó bá jẹ́ ìbọn ni, ẹ má fà á yọ láti wo bóyá ọta wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìbọn ìléwọ́ lè yọ àpò ọta rẹ̀ kúrò kí ó rò pé ó ti ṣófo, nígbà tí ọ̀kan ṣì wà nínú ọ̀pá. Bó bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí ìka yín jìnnà sí ibi tí wọ́n ń fà. Ibo wá ni ẹ ó kọ ẹnu rẹ̀ sí? Ọ̀rọ̀ ńlá nìyí ní Èkó. Nínú ilé fésì-mí-n-fésì-ẹ, ògiri pákó tàbí páànù ló pín àwa àti ìdílé kejì níyà, òjé á sì gba inú rẹ̀ kọjá bíi bébà. Òkè àjà ńkọ́? Àwọn ènìyàn ń gbé lókè. Ilẹ̀ sì rèé, símẹ́ńtì lè ta òjé padà. Ibi tó dára jù ni àpò yanrìn tàbí òkìtì yanrìn tó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Bí kò bá sí, ẹ gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ògiri bíríkì tó nípọn jù nínú ilé, níbi tí kò ti sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ èyí tí ẹ ń wò

Ẹ dúró lókèèrè wò ó, nítorí ohun tí ẹ ó ṣe yàtọ̀.

Ọta kéékèèké, tí ẹ ti gbọ́ àlàyé rẹ̀ lókè: ẹ jáde ní yàrá, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Ohun tó rí róbótó bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó kékeré tàbí bí agolo wàrà tí òrùka irin wà lókè rẹ̀, tàbí èyí tó gùn tó ní ìyẹ́ ní ìdí: bọ́ǹbù nìyẹn. Gbogbo ilé ló máa jáde, kì í ṣe yàrá yẹn nìkan. Ẹ kúrò níbẹ̀ tó 100 mítà ó kéré tán, kí ògiri líle wà láàárín ẹ̀yin àti òun. Ẹ má tẹ fóònù létí rẹ̀, ẹ rìn jìnnà ná kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, nítorí oríṣi ohun ìjà kan wà tí iná mànàmáná ń tan, ìgbì fóònù tàbí rédíò sì lè dé ibẹ̀.

Ìbọn ṣakabùlà tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ níbẹ̀, torí àwọn ọmọ Èkó tí bàbá wọn jẹ́ ọdẹ láti Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ tàbí òkè ọ̀hún pọ̀. Ẹnu ni wọ́n ti ń kì í. Wọ́n á da ẹ̀tù sínú ọ̀pá, wọ́n á fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gún un mọ́lẹ̀, wọ́n á fi àkísà tàbí ìtakùn dí i. Kò sí ibi tí ẹ lè ṣí láti rí inú rẹ̀. Ọdẹ mìíràn máa ń kì í sílẹ̀ kí ó tó gbé e kọ́ ògiri, ikú á dé, ìbọn á wà lórí ìṣó pẹ̀lú ẹ̀tù nínú. Ẹ̀tù dúdú náà, èédú, imí ọjọ́ àti iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní saltpetre ni wọ́n fi ń ṣe é. Bó bá ti gbẹ, kò mọ̀ pé ọdún ń lọ. Ẹ ka gbogbo ṣakabùlà tó wà lára ògiri sí èyí tó ti kì. Ẹ má wo ẹnu rẹ̀, ẹ má fà á láti dán an wò, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n yìn ín níbi òkú láti fi yẹ́ olóògbé sí.

Bí ẹ bá rí ẹ̀tù nínú àdó tàbí nínú ìgò ike, ọ̀tá rẹ̀ ni iná kékeré. Iná ìjọba sì lè lọ nígbàkigbà, àwa ará Èkó á sì na ọwọ́ sí àbẹ́là. Ẹ má tan àbẹ́là, ẹ má ṣá ìṣáná, ẹ má tan kọ́ìlì ẹ̀fọn, ẹ má mu sìgá ní yàrá yẹn. Tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò. Èyí tó bá dà sílẹ̀, ẹ má gbá a, ẹ má fi irin kó o. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àwọn ọmọdé kọ́kọ́

Ẹ kó wọn jáde kí ẹ tó jókòó jiyàn. Ẹ bi wọ́n léèrè jẹ́jẹ́, láìjágbe, bóyá wọ́n ti mú ọ̀kan sápò. Ọmọ tí ẹ bá jágbe mọ́ á fi pamọ́, á sì mú un lọ sílé ìwé lọ́jọ́ kejì láti fi han ọ̀rẹ́. Nígbà tí mo bi ọmọ àbúrò mi bẹ́ẹ̀, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá na ọwọ́ sí òkè kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀kan wà níbẹ̀. Mo ní o ṣeun. Mi ò ní gbàgbé bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kéré tó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ pè, ẹ má gbé

Ẹ̀rù ọlọ́pàá ló ń mú kí àwọn ènìyàn ṣe ohun tó lè pa wọ́n. Mo mọ̀ ọ́n, torí òun ló mú àwa náà fi ọjọ́ méjì ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òfin ṣe rí kí ẹ lè mọ ìdí tí pípè fi sàn ju gbígbé lọ.

Òfin ìbọn ilẹ̀ yìí ti wà láti 1959. Ó pín ìbọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ìbọn ìléwọ́, ìbọn àwọn ológun àti bọ́ǹbù wà ní ọ̀wọ́ kìíní, Ààrẹ nìkan ló lè fúnni ní ìwé àṣẹ wọn. Ìbọn ọdẹ tó ń lo kátíríìjì wà ní ọ̀wọ́ kejì, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ló ń bójú tó ìyẹn. Ṣakabùlà wà ní ọ̀wọ́ kẹta, abẹ́ òfin ìpínlẹ̀ ni ìwé àṣẹ rẹ̀ wà. Orúkọ ẹni tó gba ìwé àṣẹ ló wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ogún tí a ń pín mọ́ ilẹ̀ àti aṣọ. Òfin mìíràn tó jẹ mọ́ olè jíjà àti ohun ìjà sì sọ pé ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìtọ́ lè san 20,000 náírà, tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì pọ̀.

Ẹ wá ro ó wò: ẹ kó ọta sínú báàgì, ẹ wọ dánfó láti Ìdúmọ̀tà, ọlọ́pàá dá yín dúró lórí afárá. Kí ni ẹ ó sọ? Ẹni tó wà nílé rẹ̀, tó ti pè, tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá.

Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 767 àti 112, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ sọ̀rọ̀ ní ṣókí: ibi tí ẹ wà, ohun tí ẹ rí, bóyá ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn án, pé ẹ fẹ́ kí ìjọba wá gbé e. Bó bá jọ bọ́ǹbù, ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn àkọ́kọ́, torí ẹ̀ka ọlọ́pàá mìíràn tí wọ́n ń pè ní EOD ló ń bójú tó ìyẹn. Bó bá jẹ́ ọta kéékèèké ni, olórí ẹbí tàbí Dáwódù lè lọ sí tẹ́ṣàn tó sún mọ́ yín jù, ọwọ́ òfo ni kí ó lọ, kí ó béèrè DPO. Ní Erékùṣù, gbogbo ènìyàn mọ tẹ́ṣàn Lion Building. Ẹ má rán ọmọdékùnrin lọ. Ọmọ ogún ọdún tó bá dá wọ tẹ́ṣàn tó ní òun rí ọta á pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àgbà tó wọ agbádá tàbí ìyá arúgbó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni kí ó ṣíwájú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìwé

Kí wọ́n tó dé, ẹ kọ lẹ́tà méjì tó rí bákan náà. Lọ́yà wa ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ti àwọn, ọ̀kan tiyín. Ohun tó wà nínú tiwa kò ju báyìí lọ:

“Èmi, Lágbájá, tí mò ń gbé ní ojúlé báyìí ní Ìta Fàájì, fẹ́ fi tó yín létí pé ní ọjọ́ báyìí, ní agogo báyìí, nígbà tí a ń tú ẹrù olóògbé báyìí, a rí ohun tó jọ ọta ìbọn nínú agolo kan. A kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó wà níbẹ̀. Inú yàrá tí a ti rí i ló wà, a sì ti ti ilẹ̀kùn. A ń bẹ̀ yín kí ẹ wá gbé e.”

Òtítọ́ ni kí ó wà níbẹ̀. Bí ọmọ bá ti gbé e, bí ẹ ti ha ìdí rẹ̀ bíi tèmi, ẹ kọ ọ́ sí i. Èèyàn méjì tí kì í ṣe ọmọ ilé, ayálégbé tàbí aládùúgbò, kí wọ́n buwọ́ lù ú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni tẹ́ṣàn á fẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ ọ dáadáa bá yín kọ ọ́. Bí ẹ kò bá ní owó lọ́yà, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní ọ́fíìsì tó ń gbèjà ará ìlú láìgba kọ́bọ̀, orúkọ rẹ̀ ni Office of the Public Defender. Ẹ pè wọ́n ṣáájú, kì í ṣe ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bẹ́yìn yọ.

Ẹ ya fọ́tò ohun tí ẹ rí láti ẹnu ọ̀nà, kí agolo àti àpótí hàn nínú rẹ̀. Ọta kékeré ni mò ń sọ o. Ti bọ́ǹbù, mo ti sọ ọ́ lókè, ẹ kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí ọlọ́pàá bá dé, ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́, kí ó fúnra rẹ̀ wọlé, kí àgbà ilé kan dúró sí ẹnu ọ̀nà. Kí wọ́n kà á níwájú yín. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀ àti iye tí ó kà sílẹ̀. Ẹ béèrè nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ńlá tẹ́ṣàn. Ẹ jẹ́ kí ó buwọ́ lu lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ yín pé òun ti gbà á. Ẹ kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó fún èyí. Bí wọ́n bá ní kí ẹni kan tẹ̀ lé àwọn láti sọ tẹnu rẹ̀, kí lọ́yà tàbí àgbà bá a lọ. Béèlì sì rèé, ọ̀fẹ́ ni.

Àwọn ọ̀nà tí ẹ kò gbọdọ̀ gbà

Ọ̀sà. Èkó ni wá, omi ló kọ́kọ́ ń wá sí wa lọ́kàn. Wọ́n dí ọ̀pọ̀ ọta pa kí omi má lè wọ̀ ọ́, rírẹ ẹ́ sínú omi tàbí epo kò sì dá yín lójú pé ó kú. Àwọ̀n apẹja á gbé e. Àwọn tó ń wẹ omi wa yanrìn ní Mákòkó, ìhòòhò ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ ìsàlẹ̀ ọ̀sà.

Iná. Mo ti sọ ohun tí idẹ máa ń ṣe bó bá ya.

Ilé ìdọ̀tí. Ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí máa ń fi irin rún ohun tí ẹ kó síbẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá la ìyẹn kọjá, ààtàn ńlá bíi Olúṣòsùn ní Òjọ́ta ló ń lọ, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi ọwọ́ ṣà, tí iná sì máa ń sọ.

Èyí tó burú jù ni àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò tí wọ́n ń pariwo kóńdẹ́mù. Idẹ níye lórí lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá ra ọta yín á jókòó síbi kan, á fi òòlù lù ú kí òjé lè yọ lára idẹ, torí ọ̀tọ̀ ni iye tí wọ́n ń ra òjé, ọ̀tọ̀ ni ti idẹ. Ẹ ti mọ ohun tó wà ní ìdí rẹ̀ báyìí. Ọmọ ẹlòmíràn ni.

Ti àbúrò tó fẹ́ tún ọta kì

Mo fẹ́ dáhùn rẹ̀ tọkàntọkàn, torí òun nìkan kọ́ ló ń wo fídíò wọ̀nyẹn. Òótọ́ ni pé ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá wù lè jókòó sí gáréèjì rẹ̀ kí ó tún idẹ tó ti yìn kì. Òfin wọn gbà á, ṣọ́ọ̀bù wà tó ń ta ẹ̀tù, ojú ìdí rẹ̀ àti òjé, ìwé wà tó sọ ìwọ̀n tó tọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ẹ wo bí ààyè àṣìṣe ṣe há tó. Ọta ìbọn ìléwọ́ tó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 9, tí Georg Luger ará Ọ́sítríà ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún 20, ẹ̀tù tó sábà máa ń wà nínú rẹ̀ kò tó ìdajì gíráàmù. Ẹ̀tù yẹn kò kún inú idẹ. Ẹni tó bá gbàgbé pé òun ti da ti ọ̀kan tẹ́lẹ̀ lè dà á lẹ́ẹ̀kejì kí ó má sì mọ̀, ìbọn á fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbàgbé láti dà á rárá, òjé á há sínú ọ̀pá. Àwọn tó ní gbogbo irinṣẹ́ yẹn ń pàdánù ìka wọn.

Níhìn-ín, òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣe ọta tàbí kì í nílé. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ohun ìjà, DICON, wà ní Kàdúná láti 1964, ibẹ̀ ni iṣẹ́ yẹn wà. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ẹ̀tù rẹ̀ fún yín, kò sí ìwé ìwọ̀n, ohun tí alágbẹ̀dẹ bá fi dípò rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tù kan náà. Bó bá jẹ́ pé ọgbọ́n ọwọ́ ló ń wù àbúrò wa, iṣẹ́ tọ́nà tó ń fi irin gé ìwọ̀n tó péye wà ní Múṣin àti Ládípọ̀. Mo bá a wá ọ̀gá síbẹ̀, ó sì ń lọ.

Bí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá farapa, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde, kí ẹ fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ẹ má ṣí i wò. Bó bá jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dá, ẹ fi ọ̀já dè é gan-an lókè ojú ọgbẹ́, sún mọ́ ara, kí ẹ kọ àkókò tí ẹ dè é sílẹ̀. Ẹ má yọ òjé tàbí idẹ tó wọlé. Ẹ má da epo, tìróò tàbí àgbo sí i.

Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ní àfi kí ẹ kọ́kọ́ mú ìwé ọlọ́pàá wá, ẹ sọ fún wọn pé òfin 2017 lórí ìtọ́jú ẹni tí ìbọn bà pa á láṣẹ fún gbogbo ilé ìwòsàn pé kí wọ́n gba ẹni náà, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o. Ọsibítù ló máa fi tó ọlọ́pàá létí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú fóònù yín nísinsìnyí.

Kí ẹ tó ti àpótí náà

Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé e lọ, ẹ bẹ ọlọ́pàá náà kí ó bá yín yẹ ìyókù ilé wò kí ó tó jáde: inú àjà, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, abẹ́ àtẹ̀gùn, inú ìkòkò tí wọ́n dà bo ilẹ̀, àpò aṣọ tí olóògbé gbé kọ́. Tiwa, ó rí ẹyọ kan sí i nínú àpò ẹ̀wù ṣọ́jà yẹn, a ti gbọn ẹ̀wù náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ kí ẹ tó jẹun, nítorí òjé ń wọ ara láti ọwọ́ dé ẹnu, ẹ fọ ti ọmọ náà. Lẹ́tà tí wọ́n buwọ́ lù, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta: ọ̀kan lọ́wọ́ Dáwódù, ọ̀kan lọ́wọ́ lọ́yà, ọ̀kan nínú fáìlì tí ìwé ilé wà.